Piyánò Tó Ń Han Lọ́jọ́ Ìsinmi Nìkan

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Abẹ́òkúta, mo ti dé o. Gbogbo ẹni tó ń bi ìyàwó mi léèrè bóyá mo ti gun òkè tán tí n kò rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ mọ́, kí wọ́n wá wò mí. Ikùn mi ti yọ síwájú, bùbá mi ti há, mo sì ti ń kí ènìyàn dáadáa kí n tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ìwọ̀-oòrùn Èkìtì fi ṣe mí nìyẹn. Ẹ wá àyè jókòó kí n ròyìn.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Piyánò ni mò ń tún ṣe. N kò sọ ti kíbọ́ọ̀dù oníná tí ẹ lè gbé sí abíyá o. Piyánò gidi ni, èyí tó ní okùn irin nínú, tí àwọn òòlù kéékèèké ń lù. Ìjọ kan ní Arámọkọ ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní piyánò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ní ti ń han. Bí wọ́n bá ń kọrin lọ, yóò ṣàdédé ké fíín, àwọn ọmọdé á bú sẹ́rìn-ín, oníwàásù á gbàgbé ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti wá pinnu pé bí wọ́n bá tún gbọ́ híhan náà lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wọ́n á gbé piyánò náà lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n á sì ra kíbọ́ọ̀dù.

Mo rẹ́rìn-ín. Híhan lásán-làsàn? Èmi tí mo máa ń ti ìta gbangba gbọ́ ìgbà tí ìyàwó mi bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀? Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, híhan náà ti di òkú.

*

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dà yín láàmú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé lẹ́yìn Iléṣà, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, nígbà tí a sì fi máa dé Ẹ̀fọ̀n, òkè ti yí wa ká, òtútù sì ń mú mi nínú ẹ̀wù tí mo wọ̀ nítorí oòrùn Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ni mí. Ìyá kan ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà. Ebi ń pa mí, mo sáré lọ bá a.

"Mélòó ni bọ̀ọ̀lì, mà?"

Ìyá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ káàárọ̀," ó wí.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mélòó ni bọ̀ọ̀lì?"

"Ulé ńkọ́?"

"Ilé wà dáadáa, mà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Uṣẹ́ ńkọ́? Ọmọ ibo ni ọ́?"

Àfìgbà tí mo ròyìn gbogbo ilé mi tán kó tó dá mi lóhùn. Ó wá fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù lọ jáde fún mi, ó fi ẹ̀pà sí i lórí, ó sì ní kí n kí ìyàwó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú yín tó ń ta nǹkan ní ọjà Ìtòkú tó mọ̀ bóyá mo níyàwó?

*

Ilé Baba Kòkó ni ọlọ́kadà já mi sí ní Arámọkọ. Baba yìí ló ń tọ́jú ilé ìjọsìn náà. Ṣùgbọ́n kó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ìjọba ló ṣe. Òun ló ń yẹ kòkó àwọn àgbẹ̀ wò láti mọ èyí tó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ. Orúkọ náà ti wá mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ gan-an fi ń pè é ní Baba Kòkó.

Mo ti ń gbọ́ ìró odó láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí n kọ́kọ́ yọjú wo piyánò ná.

"Láti ọdún tó kọjá ló ti ń han," ni Baba Kòkó wí. "Kò ní kú kí ùwọ tó jẹun. Jókòó. Uyán ti délẹ̀."

Mo jókòó. Wọ́n gbé nǹkan funfun kan ka iwájú mi, mo rò pé ti gbogbo ilé ni. Tèmi nìkan ni. Ó kúnná dáadáa, kò sí kókó kan nínú rẹ̀, ẹran ìgbẹ́ sì gorí ẹ̀fọ́ bí ẹni gun àga. Mo jẹ, mo jẹ, mo dúró kí n mí.

"Ṣé ọbẹ̀ ò dùn ni?" ni ìyàwó Baba béèrè. Ojú rẹ̀ ti fà ro.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ̀ pé ìrẹsì ọ̀fàdà àti fùfú ni wọ́n fi tọ́ mi. Mo rò pé ó tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó fọ ẹnu tán, odó tún ti ń dún. Uyán ní òwúrọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi! Mo wo ojú ìyá náà, mo sì jẹ ẹ́ tán.

*

Nínú ilé ìjọsìn, ìyá arúgbó kan jókòó ti piyánò, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ẹrù. Wọ́n ń pè é ní Mama Tísà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó tín-ín-rín, ó fi hánẹ́ẹ̀tì, àwọ̀n dúdú kan, bo irun. Òun ló ń tẹ piyánò fún ìjọ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, tó ti dolóògbé báyìí, ti fi ta ìjọ lọ́rẹ.

"Ùwọ ni ará Ẹ̀gbá tó fẹ́ wá tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní èmi ni, mà.

"Èmi ò gbọ́ kó han rí," ó wí. "Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn. Kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń fẹ́. Mo ti sọ fún wọn lójú ara wọn pé òpùrọ́ ni wọ́n. Bí wọ́n bá gbé e jáde, kí wọ́n gbé mi tẹ̀lé e. Mi ò ní fọwọ́ kan ohun tó ń mu iná."

Ó yí padà, ó tẹ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Mo fi etí sí i, mo ki orí bọ abẹ́ piyánò, mo tún yọ orí jáde. Kò sí híhan.

Ọ̀nà tí a fi ń wá híhan kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń wá olè nínú ilé elérò púpọ̀. A ó máa mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dáàlì láìfọwọ́ kan kíì, ìyẹn àwọn eyín funfun àti dúdú tí ọwọ́ ń tẹ̀. Mo fọwọ́ tẹ kíì láìfẹsẹ̀ kan pẹ́dáàlì. Lẹ́yìn náà mo fa ákíṣọ̀n jáde, ìyẹn pákó gbọọrọ tó gbé gbogbo kíì àti òòlù wọn, tó máa ń wọ́ jáde bí dúróà tábìlì. Ẹni tó bá ń fà á gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí bó bá ṣèèṣì tẹ kíì kan, òòlù rẹ̀ á dìde, ọrùn rẹ̀ á sì kán. Mo fà á wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ó fi jáde.

Mo rí i pé awọ pẹ́dáàlì ti gbẹ, mo fi pọ́dà pa á. Awọ kéékèèké tó wà lábẹ́ àwọn òòlù náà ti gbẹ, mo mú lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn aṣọ tó wà ní ihò kíì ti wú, wọ́n ti fún àwọn kíì mọ́ra. Ìwọ̀nba ohun tí mo rí nìyẹn. Ìró tó lè mú oníwàásù gbàgbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò sí níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ìyá náà ló jàre, pé àwọn ìgbìmọ̀ kàn ń wá ọ̀nà àtira kíbọ́ọ̀dù ni.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, Baba Kòkó wọlé. "Kí lo rí?"

"Ọ̀rinrin ni, Baba," mo wí. "Ó ti mu ọ̀rinrin púpọ̀."

Ojú Baba tàn. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ yẹn létí ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá ọ̀rinrin jà.

*

Ọjọ́ Sátidé, mo jẹ uyán mi tán, mo gba ilé ìjọsìn lọ. Lórí tábìlì tí mo gbé ákíṣọ̀n sí, kò ku kíì kankan. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré jáde sẹ́yìn ilé, níbi tí kọnkéré kan wà tí àwọn ará ìjọ máa ń sá kòkó sí. Ẹ wá wo nǹkan!

Gbogbo kíì piyánò ló wà lórí ẹní nínú oòrùn. Mo ti tú apá òòlù kúrò lára wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú, nítorí náà kò nira fún ẹnikẹ́ni láti yọ wọ́n. Baba Kòkó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yí wọn padà. Ó ti ṣa àwọn funfun sọ́tọ̀, ó ti ṣa àwọn dúdú sọ́tọ̀. Ó mú ọ̀kan, ó fi kan etí, ó mì ín, ó mi orí.

"Baba! Kí lẹ ń ṣe?"

"Ùwọ ló ní ó mu ọ̀rinrin," ó wí. "Uṣẹ́ mi nìyí. Àwọn funfun yìí kò tíì gbẹ tó. Àwọn dúdú yìí ni ẹ̀rù wọn ń bà mí, wọ́n ti fẹ́ jóná."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu. Mo jókòó sórí kọnkéré, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Baba ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni òun ti ń yí wọn, n kò sì tíì kí òun kú uṣẹ́. Mo kí i. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó ṣe piyánò náà, ó ti kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn kíì kọ̀ọ̀kan, mo sì tò wọ́n padà bó ṣe yẹ, mo dá apá òòlù wọn padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín o: aṣọ inú ihò kíì ti fà padà, àwọn kíì ti ń lọ sókè sódò fàlàlà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣó ibẹ̀ ti dẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń dún ko-ko-ko bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń rìn lórí páànù. Mo mú irin tí a fi ń yí ìṣó, mo dè wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wá ti ákíṣọ̀n padà sínú piyánò. Kò wọlé tán. Ó ku bí ìka kan. Mo fà á, mo tún tì í. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ohun tó dí i. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, mo rí ọ̀rá kékeré mélòó kan tí wọ́n dì ní kókó, wọ́n tò lọ rẹrẹ ní ẹ̀yìn pátápátá.

"Baba, kí nìyí?"

"Uyọ̀ ni. Uyọ̀ máa ń fa omi."

Iyọ̀, nínú ilé okùn irin! Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, mo gbá ibẹ̀, mo nu ún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọ̀kankan nínú wọn kò tíì bẹ́. Ákíṣọ̀n wọlé wẹ́rẹ́. Mama Tísà wá lálẹ́, ó tẹ orin méjì, kò sí híhan. Mo sùn bí ọmọ tuntun.

*

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jókòó síwájú kí gbogbo ènìyàn lè rí mi. Mama Tísà wọlé nínú aṣọ léèsì, ó wé gèlè líle kan tó bò ó láti iwájú orí dé ọrùn. Ó bẹ̀rẹ̀ orin. A kọ ẹsẹ kìíní, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. A dé ẹsẹ kejì.

Fííín!

Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà Táyọ̀, alága ìgbìmọ̀, tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé gíga kó tó fẹ̀yìn tì, yí ọrùn padà, ó wò mí. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Gbogbo ìjọ ló ń gbọ́ ọ, àfi ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Mo rọra dìde, mo lọ jókòó lẹ́yìn òpó tó wà nítòsí piyánò. Wọ́n ń gbàdúrà. Mama Tísà ti pa piyánò dé, ó kó ọwọ́ lé itan, ó tẹ orí ba.

Fííín!

Ojú mi là. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan piyánò. Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe díẹ̀, híhan náà dákẹ́. Ibi tí gèlè ti yẹ̀ sẹ́yìn ni mo ti rí i: ẹ̀rọ ìgbọ́ran kékeré kan, ó fara pamọ́ sẹ́yìn etí rẹ̀. Bàbá mi ní irú rẹ̀ nílé. Bí fìlà bá bò ó mọ́lẹ̀, ohùn tó ń jáde lára rẹ̀ á tún padà wọ inú rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíín. Bàbá mi kì í gbọ́ ọ, nítorí igbe náà ti ga ju ohun tí etí rẹ̀ lè mú. Àwa ni à ń gbọ́ ọ.

Ìdí nìyẹn tí kì í fi í han láàárín ọ̀sẹ̀. Hánẹ́ẹ̀tì kì í bo etí.

Mo jókòó sẹ́yìn òpó, inú mi bàjẹ́ gan-an. Bí mo bá sọ, ìjọ wo ló máa fi ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa sídìí piyánò? Bí n kò bá sì sọ, wọ́n á gbé piyánò ọkọ rẹ̀ jáde, ó sì ti ní òun ń tẹ̀lé e. Àánú ìyá náà ṣe mí, mi ò lè gbọ́ ìwàásù mọ́.

*

Lẹ́yìn ìsìn, kí ìgbìmọ̀ tó pè mí, mo fa Mama Tísà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mà," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ̀rọ etí yín ló ń han."

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀rọ etí yín, mà."

"Sọ̀rọ̀ sókè, jàre!"

Ẹ gbà mí! Àṣírí tó yẹ kí n sọ sínú etí ni mo ní láti fi ariwo sọ. Mo mú un lọ sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé ìjọsìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, mo sì pariwo rẹ̀.

Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. "Ọmọ mi obìnrin ló rà á wá láti Ìbàdàn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo máa sọ fún pé etí olórin ti ń kú?"

Mo ní kó má dààmú. Mo ti hun irọ́ kan tó dára gan-an. A ó wé gèlè rẹ̀ sókè díẹ̀, èmi á sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìṣó kan ló kù tí n kò dè, mo sì ti dè é wàyí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ó wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó wo ìwé ẹlòmíràn. "Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń pe gbogbo ìjọ ní òpùrọ́," ó wí. "Òótọ́ ni wọ́n ń sọ." Ó yí padà, ó ń lọ sí fẹ́sítìrì, yàrá tí ìgbìmọ̀ ti ń pàdé. Mo sáré tẹ̀lé e.

Àwọn ìgbìmọ̀ ti jókòó, Baba Kòkó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Alàgbà Táyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kùnà. Mama Tísà kò dúró kó sọ̀rọ̀ tán. Ó tú gèlè rẹ̀ níwájú gbogbo ọkùnrin ibẹ̀, irun rẹ̀ funfun báláú. Gbogbo wọn sọ orí kọ́. Ó yọ ẹ̀rọ náà létí, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ kejì bò ó.

Fííín!

"Ẹ gbọ́?" ó wí. "Òun nìyí. Piyánò ò mọ nǹkan kan. Etí mi ló ń kú lọ. Ẹ lé èmi jáde, ẹ fi piyánò sílẹ̀. Mo sì tọrọ àforíjì, mo ti bú yín láìṣẹ̀."

Alàgbà Táyọ̀ la ẹnu, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

Ìyá náà fi ẹ̀rọ padà sétí. "Táyọ̀, sọ̀rọ̀ sókè."

Ọ̀gá ilé-ìwé gíga dìde dúró bí ọmọ ilé-ìwé. "Mo ní, mà, bí a bá ń kọrin, ṣé ẹ máa ń gbọ́ wa?"

"Mo ń gbọ́ yín. Ohùn tìrẹ máa ń wálẹ̀ ní ìlà kẹta. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin ló ti ń wálẹ̀."

Baba Kòkó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Alàgbà nu ojú rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a lọ sídìí piyánò. Bí a bá kọ orin kan já láìsí ariwo, kò sẹ́ni tó máa gbé piyánò kúrò, kò sì sẹ́ni tó máa gbé ẹ̀yin náà kúrò."

A bọ́ sínú ilé ìjọsìn. Ìyàwó Baba Kòkó bá Mama Tísà wé gèlè, ó wé e sókè, etí méjèèjì yọ síta. Mama Tísà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ kọrin bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹsẹ kìíní lọ geere. Nínú ẹsẹ kejì, ní ibi tí wọ́n ti rọ ohùn sílẹ̀, mo gbọ́ ọ: kíì kan ní àárín ké fín. Ó tín-ín-rín, bí ọmọ eku. Tèmi ni èyí. Awọ kan ni mo fò nígbà tí mò ń fi lẹ́ẹ̀dì pa wọ́n. Mo wúkọ́ bò ó. Nígbà tí ó tún dé ibẹ̀ nínú ẹsẹ kẹta, mo tún wúkọ́, Baba Kòkó náà sì wúkọ́ lẹ́yìn mi.

Orin parí. Alàgbà Táyọ̀ yíjú sí mi. "Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ro ìyá arúgbó náà, mo ro gbogbo uyán tí mo ti jẹ.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà," mo wí.

Mama Tísà kò yí ọrùn padà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí kíì.

"Èmi náà ò gbọ́," ó wí.